Ọ̀dà alágolo méjì lára mọ́tò àti katakata: ohun tó ń mú un pẹ́ àti ohun tó ń ba á jẹ́

Màmá kan tó ń dáko n'Ìsẹ́yìn ló kọ̀wé sí mi. Wọ́n ní Toyota Hilux funfun kan tí òkúta ojú ọ̀nà ti ṣá ní bọ́nẹ́ẹ̀tì, tí ìpáàrà sì ń yọ ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn iwájú méjèèjì. Wọ́n tún ní katakata Massey Ferguson kan tí ọ̀dà pupa ara rẹ̀ ń ṣí ní àyíká táǹkì epo àti lára àwọn rímù. Lọ́dún tó kọjá, pẹ́ńtà kan bá wọn tún àwọn ojú ibẹ̀ kùn. Kí òjò ọdún náà tó dá, ó ti wú, ó ti ń ṣí. Ní báyìí, pẹ́ńtà mìíràn ní ọ̀dà alágolo méjì tí wọ́n ń pè ní 2K ni kí wọ́n rà, pé kì í ṣí láéláé, àmọ́ owó rẹ̀ ju ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n ń béèrè pé ṣé òótọ́ ni, ṣé ó tó ohun tí èèyàn ń náwó lé, àti pé ṣé ọmọkùnrin wọn lè fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún nílé, àbí àfi kí wọ́n wá ẹni tó ní kọ̀ǹpírẹ́sọ̀.

Mà, ẹ kú iṣẹ́ oko. Ọ̀dà náà dára, ó sì tó ohun tí ẹ lè náwó lé. Àmọ́ "kì í ṣí láéláé" tí pẹ́ńtà yín sọ yẹn, ẹ má gbọ́kàn lé e. Kò sí ọ̀dà tó ń wo ìpáàrà sàn. Bí irin tó wà lábẹ́ rẹ̀ bá ṣì ń jẹra, ọ̀dà tó le jù lọ láyé á bá a ṣí ni. Ọmọ yín sì lè fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún. Mo tiẹ̀ fẹ́ kó jẹ́ búrọ́ọ̀ṣì ló máa lò, nítorí ọ̀rọ̀ èémí tí mo máa sọ níwájú. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí ẹnikẹ́ni fi gọ́ọ̀nù fín in ní àgbàlá yín.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí a ń rà ná. Ọ̀dà mọ́tò tí ọ̀pọ̀ pẹ́ńtà ẹ̀bá títì ń lò, tínà inú rẹ̀ ló ń fẹ́ lọ, tí ìyókù á sì gan mọ́ irin. Nǹkan mìíràn kò ṣẹlẹ̀ sí i. Bí tínà tàbí bẹntiróòlù bá tún kàn án, ó máa ń yọ́ padà. Ọ̀dà olóròóró tí a fi ń kun géètì ní tirẹ̀ máa ń gba afẹ́fẹ́ sára kí ó tó le. Ó ń pẹ́ kó tó gbẹ dénú, oòrùn sì máa ń mú kí ojú rẹ̀ ṣá, kí ó máa kun ọwọ́ bí ẹfun. Ti alágolo méjì yàtọ̀ sí àwọn wọ̀nyí. Agolo kìíní ni ọ̀dà fúnra rẹ̀, èkejì ni hádínà, ìyẹn ohun tó ń mú kí ọ̀dà le. Tí a bá ti pò wọ́n pọ̀, wọ́n á so mọ́ra wọn títí wọ́n á fi di ohun kan ṣoṣo tí kò ṣeé tú. Ẹyin tí a ti sè kò lè padà di tútù, bẹ́ẹ̀ náà lọ̀rọ̀ rẹ̀ rí. Jámánì ni ọgbọ́n náà ti wá: Otto Bayer àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Leverkusen ló rí i ní ọdún 1937. Ìdí nìyí tí dísẹ́ẹ̀lì tó bá dà sí i lára kò fi ń sọ ọ́ di rírọ̀, tí epo haidirọ́líìkì àti ọṣẹ kì í sì í tètè pa dídán rẹ̀.

Oríṣi méjì ló wà lọ́jà tó kàn yín. Èyí tí wọ́n ṣe fún mọ́tò ní hádínà tirẹ̀, kò sì lè gbẹ dáadáa láìsí i. Òmíràn wà tí wọ́n ṣe fún katakata àti ẹ̀rọ oko: ọ̀dà olóròóró ni, ó lè dá gbẹ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi hádínà tí wọ́n ṣe fún un sí i, á tètè gbẹ, á dán, epo kò sì ní í ràn án mọ́. Ẹ má ṣe mú hádínà ti ọ̀kan fi po èkejì. Ilé iṣẹ́ kan náà ni kí ẹ ti ra méjèèjì, àti tínà wọn pẹ̀lú.

Mo fẹ́ tẹnu mọ́ tínà yẹn. Tínà tí wọ́n ń wọ̀n sínú ìgò ọtí lẹ́bàá ọ̀nà sábà máa ń ní ọtí líle àti omi díẹ̀ nínú. Hádínà kì í yà wọ́n sọ́tọ̀, ó máa ń so mọ́ àwọn náà bó ṣe yẹ kó so mọ́ ọ̀dà. Ọ̀dà yín á gbẹ ní ojú, á sì rọ̀ nínú, tí ẹ bá fi èékánná tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, á ṣì máa wọlé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sọ pé 2K tí àwọn rà kì í ṣe ojúlówó, tó sì jẹ́ pé tínà yẹn ló ba iṣẹ́ wọn jẹ́. Ẹ fi tínà ẹ̀bá ọ̀nà fọ búrọ́ọ̀ṣì, kò burú. Ẹ má fi po ọ̀dà.

Ó wá kan irin. Èmi gbà pé ibí yìí ni iṣẹ́ ọdún tó kọjá ti bàjẹ́. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn mọ́tò ní àwọn ihò kéékèèké tí wọ́n dá sí i kí omi òjò tó bá gba etí gíláàsì wọlé lè máa rí ibi jáde. Tí ẹrẹ̀ bá dí wọn, omi á dúró sínú ilẹ̀kùn, ìpáàrà á sì bẹ̀rẹ̀ láti inú bọ̀ wá síta. Èyí tí ẹ̀ ń rí níta yẹn, ó ti pẹ́ tó ti ń jẹ ẹ́ nínú. Bí ẹ bá kun ìta rẹ̀ nígbà mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá ló máa wú. Ẹ sọ fún ọmọ yín kó fi wáyà tín-ínrín la àwọn ihò náà, kó da omi sínú títí èyí tó ń jáde á fi mọ́, kó jẹ́ kí ó gbẹ, kí ó sì fín epo tàbí ìda tó ń lé ìpáàrà sínú rẹ̀ nígbà tí gbogbo iṣẹ́ bá parí. Kó fi orí tọnafíìsì kan ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn náà díẹ̀díẹ̀. Níbi tó bá ti gún wọlé, iṣẹ́ panẹ́ẹ̀lì-bítà àti wẹ́dà ló kù níbẹ̀: kí wọ́n gé e kúrò, kí wọ́n jó irin tuntun sí i. Fílà, ìyẹn ohun bí àmọ̀ tí àwọn pẹ́ńtà fi ń dí kòtò, ń mu omi tí wọ́n bá fi dí ihò ìpáàrà. Bóyá òun náà ni wọ́n lò lọ́dún tó kọjá, ẹ wò ó dáadáa.

Níbi tí irin bá ṣì le, kó kọ́kọ́ fi omi àti ọṣẹ fọ gbogbo ojú ibẹ̀, kó sì fi àkísà tó ní tínà nu ọ̀rá rẹ̀ kúrò, kí àkísà gbígbẹ mìíràn tẹ̀lé e kí tínà tó fẹ́ lọ. Ẹ kíyè sí i pé ìfọ̀mọ́ ló ṣáájú sáńpépà. Tó bá fi sáńpépà ha á kí ó tó nu ọ̀rá, ńṣe ló ń ti ọ̀rá náà wọnú ojú irin. Ohun tí wọ́n ń fín sí táyà kó lè dán náà burú púpọ̀. Bó bá kán síbẹ̀, ọ̀dà máa sá fún un, á dá ihò róbótó róbótó sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló máa fi búrọ́ọ̀ṣì onírin àti sáńpépà 80 (bí nọ́ńbà ẹ̀yìn sáńpépà bá ṣe kéré tó ló ṣe ń ha tó) ha ìpáàrà títí irin á fi funfun. Bí ojú irin bá ti dá kòtò wẹ́wẹ́, tí dúdúdúdú sì kù nínú àwọn kòtò náà, iṣẹ́ kò tíì tán. Kó fi 180 àti 320 mú etí ọ̀dà àtijọ́ fẹ́lẹ́ títí ìka kò fi ní í mọ ibi tí ọ̀dà ti parí tí irin ti bẹ̀rẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó lọ síwájú, ẹ dán ọ̀dà ọdún tó kọjá wò. Ẹ fi àkísà tí tínà wà lára rẹ̀ lé e fún bí ìṣẹ́jú kan. Bí àwọ̀ bá gba ara àkísà wá, gbogbo ọ̀dà náà ni kẹ́ ẹ ha kúrò, nítorí bí ẹ bá kun 2K lé e, á rún jọ bí ara aṣọ tí a kò lọ̀. Bí kò bá gba ara àkísà, ó lè dúró.

Irin tó funfun kò gbọ́dọ̀ sun ìta mọ́jú. Ìrì òru kan ṣoṣo ti tó láti mú ìpáàrà tuntun bẹ̀rẹ̀, kódà kí ojú yín má tíì rí i. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ó fi pràímà epoxy, ìyẹn ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí a ń kùn ṣáájú ọ̀dà gan-an, sí i. Ọ̀dà alágolo méjì lòun náà, ṣùgbọ́n hádínà tirẹ̀ yàtọ̀, kì í sì í ṣe irú èyí tó ń ṣe èémí léṣe tó bẹ́ẹ̀. Awọ ara ló ń yọ lẹ́nu, torí náà ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Epoxy lẹ mọ́ irin ju ohunkóhun tí mo mọ̀ lọ, kì í sì í jẹ́ kí omi kọjá. Oòrùn ni kò lè fara dà, torí náà ọ̀dà mìíràn gbọ́dọ̀ bò ó. Lábẹ́ mọ́tò, níbi ṣáásíìsì tí oòrùn kì í dé, epoxy nìkan tó. Ẹ má fi owó 2K ṣòfò níbẹ̀.

Pípò ni ibi tí àwọn tó mọ iṣẹ́ pàápàá ti ń ṣe é níwọ̀n-ojú. Lára agolo ni ẹ máa rí i kọ: 2:1 wọ́pọ̀ fún ọ̀dà mọ́tò, ìyẹn ni pé ìwọ̀n ọ̀dà méjì sí hádínà kan. Òmíràn jẹ́ 4:1, ti ẹ̀rọ oko sì lè jẹ́ 8:1. Ẹ ra síríǹjì mẹ́ta tí kò ní abẹ́rẹ́ ní ilé ìtajà oògùn, kí ọ̀kan jẹ́ ti ọ̀dà, ọ̀kan ti hádínà, ọ̀kan ti tínà, kí wọ́n má ṣe pààrọ̀ ara wọn. Fún gbogbo ojú òkúta tó wà lára bọ́nẹ́ẹ̀tì yín, mílílítà 10 ọ̀dà àti mílílítà 5 hádínà á tó, á sì ṣẹ́ kù. Àwọn kan gbà gbọ́ pé bí hádínà bá pọ̀ sí i, ọ̀dà á le sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bó bá pọ̀ jù, ọ̀dà á máa kán, bó bá kéré jù, á rọ̀ títí ayé. Kó fi igi pẹlẹbẹ rò ó fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, kó máa ha etí àti ìsàlẹ̀ ife náà bó ṣe ń rò ó.

Láti ìgbà náà, aago ti ń ká. Iye wákàtí tí wọ́n kọ sára agolo sábà máa ń jẹ́ ti ibi tí ooru wà ní 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kì í sì í ṣe ti Ìsẹ́yìn ní oṣù kẹta. Bí ooru bá fi ìwọ̀n mẹ́wàá lé, àkókò náà máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì. Èyí tí wọ́n kọ wákàtí mẹ́ta sí lára lè má ju wákàtí kan lọ lọ́wọ́ yín ní ọ̀sán. Tó bá ti ń ki, ó ti parí nìyẹn. Tínà á mú kó ṣàn, àmọ́ kò lè dá ohun tó ti so pọ̀ padà. Ẹ po díẹ̀, ẹ tún po díẹ̀. Ẹ má sì da àjẹkù padà sínú agolo. Agolo hádínà fúnra rẹ̀, kíá ni kẹ́ ẹ dé e pa, nítorí omi inú afẹ́fẹ́ ń bà á jẹ́. Tó bá ti dà bí omi ẹ̀kọ, tàbí tí nǹkan funfun ti gan sí ẹnu rẹ̀, ẹ sọ ọ́ nù.

Nítorí omi yìí kan náà, àkókò tí ẹ máa kùn ún ṣe pàtàkì. Ní ìgbà òjò, ẹ dúró kí ìrì gbẹ, kí irin sì yá díẹ̀, bíi aago mẹ́sàn-án àárọ̀, kí ẹ sì ti parí ṣáájú aago méjì ọ̀sán. Bí afẹ́fẹ́ bá tutù rinrin, hádínà á máa bá omi ṣe, á sì yọ èéfín wẹ́wẹ́ tó máa dá ìléròó sínú ọ̀dà. Bí òjò bá bá a kó tó gbẹ, ojú rẹ̀ á kú, dídán kò sì ní í sí mọ́. Ìgbà ọyẹ́ gbẹ dáadáa fún hádínà, àmọ́ eruku rẹ̀ kò ní í jẹ́ kí ojú ọ̀dà mọ́. Ẹ kùn ún lábẹ́ òrùlé tó ṣí ní ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe nínú oòrùn gangan. Bọ́nẹ́ẹ̀tì tí ọwọ́ yín kò lè dúró lé kò yẹ ní kíkùn.

Fún Hilux, ẹ wo pátákó kékeré tó wà létí ẹnu ọ̀nà awakọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ C/TR ni àmì àwọ̀ wà. Bó bá jẹ́ 040, funfun lásán tí kò ní ìtànṣán nínú ni, ó sì rọrùn. Ẹ gbé àmì náà lọ fún àwọn tó ń po ọ̀dà ní ọjà ẹ̀yà ara mọ́tò, kí ẹ sì kun díẹ̀ sára páálí láti fi wé ara mọ́tò, torí oòrùn ti yí ti àtijọ́ padà díẹ̀. Bó bá jẹ́ funfun tó ń tàn bí ìlẹ̀kẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì á jẹ́ kí ojú rẹ̀ hàn, ẹ sì máa nílò láká alágolo méjì, ìyẹn ọ̀dà dídán tí kò ní àwọ̀, lé e lórí. Fún ojú òkúta, búrọ́ọ̀ṣì tín-ínrín bíi ti ayàwòrán ni kó lò. Kó kán ọ̀dà sáàárín, kó jẹ́ kó tàn kiri fúnra rẹ̀, kó dúró bí ogún ìṣẹ́jú, kó tún kán an, títí yóò fi ga ju ojú tó yí i ká díẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kó fi sáńpépà 1500 pẹ̀lú omi rẹ́ ẹ dọ́gba, lẹ́yìn náà 2000, kó wá fi kọ̀ǹpáùn, ìyẹn ìpara tó ń mú ojú ọ̀dà dán, nù ún. Ọ̀dà ẹ̀bá ọ̀nà kò ṣeé ṣe báyìí, torí ó máa ń rọ̀ mọ́ sáńpépà, ó sì máa ń rì wọlé bó bá ṣe ń pẹ́ sí i.

Katakata kò béèrè irú ẹ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì dáadáa kan àti rólà kékeré onífóòmù tó, ìpele méjì tó fẹ́lẹ́, kì í ṣe ẹyọ kan tó ki. Ohun tó ń pa rímù yín ni ajílẹ̀. Iyọ̀ ni, ó ń fa omi mọ́ra, bó bá sì wọ ẹ̀gbẹ́ ibi tí ọ̀dà ti fọ́, á gba abẹ́ lọ. Ẹ fi omi fọ ibẹ̀ dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ kan sáńpépà, kí ẹ sì máa fọ̀ ọ́ lẹ́yìn gbogbo ọjọ́ tí ẹ bá fọ́n ajílẹ̀. Kó má kun ọ̀pá haidirọ́líìkì tó ń dán, kó má kun ẹnu ibi tí a ń fa gíríìsì sí, rọ́bà, rédíétọ̀ àti pátákó nọ́ńbà ẹ̀rọ. Sàlẹ́ńsà náà kò sí nínú iṣẹ́ yìí, torí ooru rẹ̀ á sun ọ̀dà náà. Ọ̀dà àwọ̀ fàdákà tí wọ́n ṣe fún ooru ni ti ibẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ èémí, òun ló sì ká mi lára jù. Isocyanate lorúkọ ohun tó wà nínú hádínà 2K. Bí wọ́n bá fín in, á di ìkùukùu tó kéré débi pé ó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró dé ìsàlẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ti kọ̀ ọ́ lè ní ásímà tí kò ní í lọ mọ́, tí ìwọ̀nba kékeré sì tó láti gbé e dìde lọ́jọ́ mìíràn. Kò ní òórùn tó lè kìlọ̀ fún un. Ní àwọn orílẹ̀-èdè European Union, láti ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ 2023, òfin ní kò sí òṣìṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ lò ó láìgba ẹ̀kọ́ lórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ lójú títì wa, ọmọ iṣẹ́ ọdún mẹ́rìnlá á fi aṣọ bo imú, á máa fín 2K ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Aṣọ yẹn kò dí nǹkan kan. Ìbòmú tí a lò nígbà Kòrónà náà kò dí i. Ìbòjú tí afẹ́fẹ́ mímọ́ ń gba ọ̀pá wọ̀ wá láti ibòmíràn ni wọ́n ń wọ̀ fín in. Ẹ̀yin ọ̀gá pẹ́ńtà tó bá ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ro ti ẹ̀dọ̀fóró àwọn ọmọ tí àwọn òbí wọn fà lé yín lọ́wọ́.

Agolo tí a ń tẹ̀ fín, èyí tó ní bọ́tìnì nídìí tó ń fọ́ hádínà sínú ọ̀dà, ewu kan náà ló wà nínú rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì kì í dá ìkùukùu sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ ọn. Síbẹ̀, kí ọmọ yín wà níta gbangba, kí atẹ́gùn máa fẹ́ láti ẹ̀yìn rẹ̀, kó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, aṣọ alápá gígùn àti awò ojú. Bó bá ní ikọ́ fée, tàbí tó ti ní in rí ní kékeré, kí ẹlòmíràn ṣe é. Bí àyà rẹ̀ bá ń fún un lálẹ́ ọjọ́ tó kùn ún, kó lọ rí dókítà, kó sì sọ orúkọ ohun tó lò. Omi ni kó máa fi rẹ́ ẹ, kí eruku rẹ̀ má fò. Kó sì jìnnà sí iná, torí tínà.

Mà, bí ó bá jẹ́ èmi ni, orí katakata ni màá ti ní kó bẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀ ni yóò ti mọ bí ọ̀dà náà ṣe ń ṣe lọ́wọ́, láìsí pé àṣìṣe rẹ̀ hàn. Kó dé bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn náà. Ẹ fún gbogbo rẹ̀ ní ọjọ́ méje kí ẹ tó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ tàbí kí ẹ tó jẹ́ kí dísẹ́ẹ̀lì kán sí i. Ọkọ́ àti báró yín, ẹ máa fi ọ̀dà géètì kùn wọ́n lọ, wọn kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilẹ̀kùn Hilux ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ ṣe kẹ́yìn, lẹ́yìn tí panẹ́ẹ̀lì-bítà bá ti wò ó nínú àti níta.